Pèrègún Tó Hù Láàárín Tòmátì

Pọ́bẹ̀,
Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀.

Àdùkẹ́ ọmọ mi, àbíkẹ́yìn mi tí ojú mi ò rí tó,

Wá ibi jókòó kí o tó ka èyí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu iṣẹ́ ló bá ọ, tí aboyún kan ń rọbí lọ́wọ́, fi í sápò, gbẹ̀bí náà tán, fọ ọwọ́ rẹ, kí o tó ṣí i. Mo lọ sí ilé ọkọ rẹ l'Àgùídì lánàá. Ohun tí mo rí nínú ọgbà ẹ̀fọ́ rẹ, ẹnu mi ò tíì padé láti àná. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi nígbà tí mo délé, mo jẹ ẹ́ tán, ṣùgbọ́n bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ní ohun tí mo jẹ, mi ò lè sọ.

Mo mọ̀ pé o ti ń rẹ́rìn-ín báyìí. Ò ń wí lọ́kàn rẹ pé ta ni Ìyábọ̀, ọmọ tí òun pọ̀n, tí òun fi omi gbígbóná wẹ̀, ń pè lọ́mọ. Má rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n rẹ, bàbá mi, ló ní kí n kọ ọ́. Láàárọ̀ yìí ló pè mí sábẹ́ igi máńgòrò, tí ó fà mí ní àga, èyí tí kì í ṣe fún mi tẹ́lẹ̀. Ó ní, "Ìyá mi, èmi ò lè bá a sọ ọ́. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, inú á bí mi, n óò sọ èyí tí kò yẹ. Tẹlifóònù náà ò dáa, gbogbo ilé ní í máa ń gbọ́ tirẹ̀. Ìwọ ni ìyá wa. Kọ̀wé sí ọmọ rẹ."

Ìwọ náà mọ̀ pé kò sí irọ́ níbẹ̀. Ìyá yín kú, wọ́n bí mi, wọ́n ní ìyá ti padà dé, wọ́n sọ mí ní Ìyábọ̀. Láti ìgbà náà ni bàbá mi ti ń pè mí ní ìyá rẹ̀, bí ó bá tilẹ̀ fẹ́ nà mí, á kọ́kọ́ ní kí ìyá òun má bínú. Ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ, àga ìyá ìyàwó ni wọ́n fi mí jókòó sí. O kúnlẹ̀ níwájú mi pẹ̀lú gbogbo aṣọ olówó iyebíye yẹn. Mo wúkọ́, mo fa orúkọ rẹ gùn bí wọ́n ṣe ní mo máa ń fà á nígbà tí mo kọ́kọ́ wá sáyé, ariwo sọ nílé. Bàbá mi dìde kúrò níbẹ̀, ó kọ ojú sí ògiri. Ohùn tí mi ò gbọ́ rí ni, láti ẹnu ẹ̀yin méjèèjì ni mo ti kó o jọ, síbẹ̀ ó jọ ọ́ débi pé ẹ̀rù ba èmi pàápàá.

Nítorí náà, lónìí, mi ò ní pè ọ́ ní Tàntí, mi ò sì ní bá ọ sọ ọ̀rọ̀ bí ọmọdé ṣe ń bá àgbà sọ ọ́. Ipò tí wọ́n fi mí sí ni mo jókòó sí. Mo mọ̀ pé ìwé mi ò jìn. Olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì tó bá mi níbi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ bí òun gan-an fún gbogbo kíláàsì kò jẹ́ kí ó jìn. Ibi tí mo bá ti ṣi ọ̀rọ̀ kọ, fi ojú ìyá wò ó.

Ọ̀rọ̀ náà nìyí.

Bàbá mi ló rán mi wá. Ó hú ata tó ti hù dáadáa nínú àpò rọ́bà dúdú, ó tò ó sínú agbọ̀n, ó ní kí n gbé e fún ọ nítorí o sọ pé ata rẹ ń kú. Mo wọ tàkísì dé Sakẹ́tẹ́, mo gun alùpùpù zẹ́mijàn dé ẹnu ọ̀nà yín, mo gbé agbọ̀n náà lé itan bí ẹni gbé ọmọ tuntun. O wà lẹ́nu iṣẹ́. Ìyá ọkọ rẹ ni mo bá lẹ́yìn ilé, ó ń dáná. Èyí kọ́kọ́ yà mí lẹ́nu, nítorí mo rí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ lórí tábìlì nínú kíṣíìnì, o bò ó dáadáa, o fi aṣọ funfun lé e. Ìkòkò kékeré tirẹ̀ ló gbé ka iná lọ́tọ̀, tí ó ń se iṣu kan ṣoṣo.

Ó gbójú sókè, ó ní, "Àna mi dé." Bí ó ṣe ń pè mí láti ọjọ́ ìgbéyàwó nìyẹn, nítorí ìyá ìyàwó ni mo jẹ́ fún un. Mo kúnlẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá kúnlẹ̀ báyìí, á ní àna kì í kúnlẹ̀ fún àna, òun náà á ṣe bí ẹni fẹ́ kúnlẹ̀, àwa méjèèjì á máa rẹ́rìn-ín. O mọ ẹ̀rín rẹ̀, èyí tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti imú kó tó dé ẹnu. Lánàá, kò rẹ́rìn-ín. Mo béèrè ibi tí n óò gbé ata sí. Ó na ẹnu sí ọgbà. Ó ní, "Lọ wo iṣẹ́ ọmọ rẹ."

Mo lọ. Tòmátì rẹ ti kú tán, Àdùkẹ́. Ó gbẹ, ó rọ̀ mọ́ okùn tí o fi so ó. Ṣùgbọ́n àwọn igi tí o fi gbé e dúró kò kú. Wọ́n ti hù. Láti ara ògiri kíṣíìnì títí dé etí kànga, wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n gùn bákan náà, ewé tútù yọ lórí ìkọ̀ọ̀kan bí ìrù àkùkọ. Ìdí wọn tutù, ẹnì kan ti bu omi sí i láàárọ̀ yẹn.

Mo fọwọ́ kan ewé kan. Mo fọwọ́ kan èkejì. Mo gbé agbọ̀n sílẹ̀, ata kan sì yí jáde, mi ò bẹ̀rẹ̀ mú un.

Ọmọ mi, pèrègún ni.

Mo rántí fọ́tò tí o fi ránṣẹ́ sí wa lọ́jọ́ yẹn, tí o dúró láàárín ọgbà, tí o kọ sábẹ́ rẹ̀ pé kí a wá wo òdòdó tí Ọlọ́run fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ojú rẹ ló gba gbogbo fọ́tò náà, ewé díẹ̀ ló yọ léjìká rẹ. Bàbá mi ní ó lẹ́wà. Èmi náà ní ó lẹ́wà. A ò mọ ohun tí à ń wò. Ò ń bomi rin ín. Ní ojoojúmọ́, kí o tó lọ síbi iṣẹ́, ò ń fa omi nínú kànga, ò ń bu ú sí ìdí pèrègún, lójú ìyá ọkọ rẹ.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí ó jẹ́ fún ọ, nítorí mo ti wá rí i pé o kò mọ̀ ọ́n. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí, láti Pọ́bẹ̀ dé Sakẹ́tẹ́, ẹni tó bá ra ilẹ̀, tàbí tí wọ́n pín ilẹ̀ fún, pèrègún ló máa gbìn sí ààlà. Kì í tètè kú. Bí iná bá jó o, á tún yọ. Bí o bá gé e, tí o ki èyí tí o gé bọ ilẹ̀, á tún hù. Ẹni tó bá rí i tó tò gbọọrọ, kò ní bi ẹnikẹ́ni léèrè ọ̀rọ̀, ó ti mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilẹ̀ ẹnì kan parí sí, tí ti ẹlòmíràn sì bẹ̀rẹ̀. Ohun tí o gbìn, ààlà ni. O pín àgbàlá ọkọ rẹ sí méjì. Yàrá yín àti kànga bọ́ sọ́dọ̀ rẹ. Ibi ìdáná ìyá ọkọ rẹ, ilé ìwẹ̀, àti sàréè bàbá ọkọ rẹ bọ́ sọ́dọ̀ tirẹ̀.

Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo sàréè yẹn, mo ń wo kànga, mi ò mọ ibi tí mo lè gbà padà lọ bá àna mi.

Nígbà tí mo padà, mo jókòó tì í. Mo bi í pé ta ló gé àwọn igi náà. Ó ní ọkùnrin tó ń bá yín ro àgbàlá ni, pé o ní kó wá igi tó tọ́ fún ọ, kò sì mọ ilẹ̀ yìí, ó lọ sí ìdí ọgbà tó wà láàárín yín àti aládùúgbò yín, ó gé e níbẹ̀, ó já gbogbo ewé rẹ̀ dànù. Ó ní ìwọ lo dúró tó ń na ìka, níbí, níbí, níbí, tí o fi okùn wọ̀n ọ́n kó lè tọ́. Wàyí o, ó tọ́. Mi ò rí ààlà tó tọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó ní ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ti rí i. Mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin yẹn níbi ìgbéyàwó, mo sì mọ bí yóò ṣe sọ ọ́, nítorí náà mo gbé ikùn síwájú, mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ìyàwó tó dé láìpẹ́ yìí ti bá wa pín ilẹ̀, ó kù kí ó pín orúkọ." Àna mi fi ọwọ́ bo ẹnu. Imú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Lẹ́yìn náà ló rántí, ó sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó ní bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ló sọ ọ́. Ó ní ọkùnrin náà ti pe gbogbo ẹbí jọ fún ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, lẹ́yìn ìsìn, pé bí Màtíásì kò bá lè bá ìyàwó rẹ̀ wí, kí ìyàwó padà sí Pọ́bẹ̀ ná. Màtíásì ọkọ rẹ ti gbọ́ níbi iṣẹ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ó ń retí pé kí o fúnra rẹ ṣàlàyé. O kò ṣàlàyé, nítorí o kò mọ̀ pé nǹkan kan wà láti ṣàlàyé. Òun náà rò pé ìgbéraga ló pa ọ́ lẹ́nu mọ́.

Mo ní, "Àna mi, kò mọ̀ ni. Kùtọ̀nú ló dàgbà sí."

Ó fi igi ta iná. Ìgbà tó pẹ́ díẹ̀ ló sọ èyí tí n óò kọ sílẹ̀ fún ọ bó ṣe sọ ọ́. Mo lè ṣe ohùn rẹ̀, ṣùgbọ́n lórí èyí, mi ò fẹ́ ṣe é.

Ó ní, "Wọ́n ti ṣe é fún mi rí."

Ó ní nígbà tí bàbá Màtíásì kú, ẹ̀yìn òun ni Màtíásì wà. Òun jókòó sínú yàrá, òun ń ṣọ̀fọ̀, opó kì í jáde. Nígbà tí òun jáde, àwọn àbúrò ọkọ òun ti gbin pèrègún la ọgbà ẹ̀fọ́ òun já. Ìdí ewúro òun, èyí tí òun gbìn ní ọdún tí òun wọlé, àti ibi tí ilẹ̀ ti dára jù, bọ́ sí òdìkejì. Wọ́n ní ṣebí ewé lásán ni. Òun kò bá wọn jà. Láti ìgbà náà, ọjà ni òun ti ń ra ewúro, tí òun sì ń rí tòun láti ojú fèrèsé, tí ẹlòmíràn ń já a. Lẹ́yìn náà ló sọ pé, "Ti ìgbà yẹn, ọkùnrin ló ṣe é. Ìyàwó yìí, mo gbé oúnjẹ fún un ní ọjọ́ tó gbìn ín. Ó ní ó dùn."

Àdùkẹ́, ìdí tí kò fi jẹ ọbẹ̀ rẹ mọ́ nìyẹn. O rò pé iyọ̀ ni. O rò pé nítorí pé ò ń ṣiṣẹ́ òru ni. O sọ fún bàbá mi pé àwọn ìyá ọkọ ò ṣe é tẹ́ lọ́rùn. Kò sí èyíkéyìí nínú rẹ̀.

Ó yá, gbọ́ ìmọ̀ràn mi. N óò gbìyànjú láti kà á ní ẹsẹẹsẹ bí ìyá gidi.

Èkíní, tèmi ni. Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Nígbà tí mo wá sáyé lẹ́ẹ̀kíní, mo mú ọ lọ sí Kùtọ̀nú nígbà tí o kò tíì lè di aṣọ mọ́ra, mo fi ọ́ sọ́dọ̀ ìbátan wa kí o lè kàwé. Mo rò pé ohun tí mo bá fi sílẹ̀, wàá rí i kọ́ nígbà tó bá yá. Ìwé wọ̀ ọ́ lórí, o di agbẹ̀bí, mo yọ̀. Ṣùgbọ́n o mọ oògùn lórúkọ, o kò mọ ewé lórúkọ. Bàbá mi ní gbogbo ìgbà tí o bá wálé fún ọlidé ni mo máa ń lé ọ kúrò lóko pé kí ẹ̀gún má baà gún ọ. Ẹ̀gún ìgbà yẹn ló gún ọ lónìí yìí. Dárí jì mí. Kí ìwọ náà má ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí wàá bí. Jẹ́ kó fọwọ́ kan ilẹ̀.

Èkejì, má gbin ohunkóhun tí o kò mọ orúkọ rẹ̀, kódà bí ó bá fúnra rẹ̀ hù. Béèrè lọ́wọ́ ẹni tí o bá nílé. Ìwọ rò pé bí o bá béèrè, wọn yóò ní ìyàwó tó kàwé yìí kò mọ nǹkan. Ó sàn kí wọ́n rò bẹ́ẹ̀ ju kí wọ́n rò pé o mọ gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń rò nípa rẹ báyìí nìyẹn: pé o mọ gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, igi tí a fi ń gbé ẹ̀fọ́ dúró. Òkú igi ni kí o máa lò. Ọpá ọparun tó ti gbẹ, tàbí egungun imọ̀ ọ̀pẹ. Ẹ ò lè wà nílé tí ọ̀pẹ yí ká báyìí kí ẹ máa wá igi tútù. Bí o bá ṣẹ́ ẹ, kó dún. Èyí tí kò bá dún, tí omi wà lára rẹ̀, má kì í bọ ilẹ̀. Kì í ṣe pèrègún nìkan ló ń hù báyìí. Akòko ń hù, lápálàpá ń hù, ìyeyè ń hù, ewúro pàápàá ń hù. Nínú ayé mi kejì yìí, mo fi èyí kọ́gbọ́n. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo ń ṣe sójà, mo nílò ìbọn, mo fa pèrègún aládùúgbò wa tu kúrò ní ààlà, mo gbé e lé èjìká, mo ń pàṣẹ fún àwọn ewúrẹ́. Ọkùnrin náà ké tó bẹ́ẹ̀ tí gbogbo àdúgbò fi jáde. Bàbá mi fà mí lọ́wọ́ lọ bẹ̀ ẹ́, wọ́n ní kí n gbìn ín padà, ọkùnrin náà ló sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ wọn ibi tí n óò gbìn ín sí. Títí di òní, bàbá mi ń sọ pé ó ti fi ìgbésẹ̀ kan jẹ ilẹ̀ wa. Ìwọ náà rí i, ohun tí ọmọdé fi ṣeré ni àgbàlagbà ṣì ń ro.

Nípa ẹ̀fọ́ fúnra rẹ̀. Kí o tó yan èyí tí wàá gbìn, lọ wo inú ìkòkò ilé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún mi, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ délé ọkọ nínú ayé mi àkọ́kọ́, ẹ̀fọ́ gbọ́mà ni mo gbìn kún gbogbo ilẹ̀, nítorí pé gbọ́mà ni mo fẹ́ràn nílé wa. Ó hù, ó fẹ̀, mo ń yangàn. Kò sí ẹnì kan tó ń jẹ ẹ́ nínú ilé náà. Ewúrẹ́ ló jẹ ẹ́, wọ́n sì ń pe orúkọ mi mọ́ ewúrẹ́ náà. Ìwọ gbin tòmátì, sálàádì àti kárọ́ọ̀tì, àwọn tí o rí lórí tẹlifóònù. Mi ò ní kí o má gbin sálàádì. Fún un ní ìwọ̀n ẹní kan, kó máa bá ọ ṣeré. Ṣùgbọ́n ẹ̀fọ́ tí àwọn ará ilé ń bù sẹ́nu ni kó gba ibi tó pọ̀.

Tẹ̀tẹ̀ kọ́kọ́ ni. Ìwọ ò ráyè, iṣẹ́ òru ń gbà ọ́, tẹ̀tẹ̀ kò sì ní kí o ráyè. Fọ́n ọn sítòsí kíṣíìnì, kí o máa rẹ́ ẹ lórí, á tún máa yọ. Bí kòkòrò bá bẹ̀rẹ̀ sí í lu ewé rẹ̀, gbọn eérú tó ti tutù lé e láàárọ̀ nígbà tí ìrì ṣì wà lára rẹ̀. Ṣọkọ náà dára bẹ́ẹ̀. Amúnútutù, ara ọgbà ni kó gùn, kò nílò igi lọ́tọ̀, a ò sì tún fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ igi mọ́ nílé yẹn fún ìgbà díẹ̀. Ẹfinrin, èyí tí àwọn Gùn ń pè ní ṣáyọ̀, gbìn ín sí ẹnu ọ̀nà kíṣíìnì. Ìdí kan péré ti tó, á fọ́n ara rẹ̀ ká, wàá tún máa fà á tu. Koríko ọba, fi í sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí òjò ń dà sí láti orí páànù, gbòǹgbò rẹ̀ á mú ilẹ̀ dúró, wàá sì máa rí nǹkan fi sínú omi gbígbóná nígbà tí ara bá ń wúwo. Ata tí mo gbé wá, mo ti tò ó sábẹ́ igi ọ̀sàn, má tíì gbìn ín. Ibi tí n óò sọ nísàlẹ̀ yìí ló ń dúró dè.

Ewúro ńkọ́? Ewúro di igi. Kì í ṣe ohun tí à ń gbìn sáàárín, á ṣíji bo gbogbo àwọn tó kù. Etí ilẹ̀ ni tirẹ̀. N óò padà sórí ọ̀rọ̀ ewúro.

Mi ò mọ iye tí mo ti kà mọ́, ṣùgbọ́n èyí ló ṣe pàtàkì jù. Bí o bá ka lẹ́tà yìí tán, ọwọ́ rẹ á máa yún ọ láti lọ fa gbogbo pèrègún yẹn tu, kí o sun ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é. Ẹni tó bá fa ààlà tu ní kọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ burú ju ti ẹni tó gbìn ín. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ á ní, ẹ wò ó, ó mọ ohun tó ṣe, ẹ̀rù ló bà á. Jẹ́ kí ó dúró títí di àárọ̀ Sátidé, nígbà tí Màtíásì bá dé. Kí o tó ro ẹjọ́ kankan fún Màtíásì, lọ bá ìyá rẹ̀ níbi ìdáná rẹ̀. Kì í ṣe ìwọ ni kí o pè é wá sí kíṣíìnì rẹ. Kúnlẹ̀ síbẹ̀. Má sọ èdè Faransé kankan. Má ṣàlàyé nípa tòmátì. Sọ fún un pé o kò mọ̀, pé wọ́n ti wá sọ fún ọ, pé ara rẹ bù máṣọ. Bí ó bá dákẹ́, dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Ó máa ń pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Má sọ fún un pé mo sọ ọ̀rọ̀ ọgbà àtijọ́ yẹn fún ọ. Bí ó bá fẹ́, á sọ ọ́ fún ọ fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, bẹ̀ ẹ́ kó wá fọwọ́ kan èyí àkọ́kọ́. Kì í ṣe láti fà á tu. Ẹ máa fi ọkọ́ wa ìdí rẹ̀ pẹ̀lẹ́, kí gbòǹgbò rẹ̀ má já. Ṣé o rántí ibi tí ọkùnrin yẹn ti gé e? Ibẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu. Mo lọ wò ó. Ewúrẹ́ aládùúgbò yín ń gba ibẹ̀ wọlé bí ẹni tó ní ilé. Ààlà tó yẹ kó wà ti ń parẹ́, èyí tí kò yẹ kó wà ló ń gbilẹ̀, ìwọ lo sì ń bomi rin ín. Ó ti ní gbòǹgbò báyìí, ó tó ṣí lọ. Ẹ gbé gbogbo rẹ̀ padà síbẹ̀, ní ojúmọmọ, kí ẹ pe aládùúgbò náà jáde kó dúró ní tirẹ̀, kí ìyá ọkọ rẹ máa na ìka, níbí, níbí, níbí. Ìwọ máa gbẹ́ ilẹ̀. Màtíásì á máa ru omi. Tí ọjọ́ Àìkú bá pé tí ẹbí bá jókòó, ohun tí wọ́n á bá ni ọgbà tí a tún ṣe. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ á gbé ikùn rẹ̀ síwájú, á ní kí wọ́n gbé oúnjẹ wá.

Ihò tí pèrègún bá fi sílẹ̀ láàárín àgbàlá, ibẹ̀ ni ata bọ́ sí. Ṣùgbọ́n èyí tó wà ní ìpẹ̀kun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi ìdáná rẹ̀, má fi nǹkan kan sí i. Fi í sílẹ̀ fún mi.

Lẹ́yìn kíṣíìnì wa ní Pọ́bẹ̀, ìdí ewúro kan wà tí mo gbìn nígbà tí mo wá sáyé lẹ́ẹ̀kíní. O mọ̀ ọ́n. Ó ti dàgbà ju ìwọ lọ, bàbá mi kì í jẹ́ kí a fi àdá kàn án. Láàárọ̀ yìí, ó gbé àdá fún mi fúnra rẹ̀. Mo ti gé ọ̀pá tó nípọn, mo fi aṣọ tútù wé e. Mo ń bọ̀ ní Sátidé. Bí àna mi bá gbà, òun ni yóò kì í bọ ilẹ̀ níbi tó bá fẹ́, sí ọ̀dọ̀ rẹ̀ tàbí sí ọ̀dọ̀ rẹ, nígbà yẹn kò ní sí ọ̀dọ̀ ẹnì kankan mọ́. Bí kò bá gbà, n óò kúnlẹ̀ fún un, títí yóò fi ní àna kì í kúnlẹ̀ fún àna.

Mo ti parí ti ìyá. Mo ti kúrò lórí àga.

Tàntí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ mi ń dùn mí, mi ò kọ nǹkan tó gùn tó báyìí rí láti ìgbà tí mo ti fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan sí i. Nígbà tí mo jí láàárọ̀ yìí, bàbá mi ti gbá yàrá yín àtijọ́. Ó ti na ẹní sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ti ṣí fèrèsé. Kò sọ ìdí rẹ̀, mi ò sì bi í.

Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé ó gbá a lásán.

Èmi ni,
Ìyábọ̀ yín.